Àwo Méjì Bàbá Tàfá

Orí ènìyàn ni mo fi ṣe iṣẹ́ jẹ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n èmi fúnra mi. Onígbàjámọ̀ ni mí, tàbí kí n sọ pé onígbàjámọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mo kọ̀. Ẹni tó máa sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọdé, ó yẹ kó lè gbé orí sókè. Èmi, bí mo bá ń kọjá ní àdúgbò wa ní Dougouba títí di òní, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ìyàwó mi ló ní, "Bàbá Sàráà, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, èyí tí wọ́n fi fóònù yà yẹn nìkan ló máa kù."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba kankan, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ràímì lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, Bouaké tí Dougouba wà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń pe àwa Yorùbá ní Anango. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tàfá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi mí síbẹ̀, ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ràn irun.

Bàbá Tàfá wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáńà ní ọdún 1969. Ní Kùmásì ló ti kọ́ iṣẹ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yára, etí mi sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni. Ìbẹ́pẹ tútù ló gbé fún mi. Á fi ọṣẹ pa á lára títí yóò fi hó funfun, á ní kí n fá ìfófòó náà kúrò lára rẹ̀ láìkan èèpo. Ẹ mọ̀ pé ìbẹ́pẹ tútù, bí èékánná bá kàn án lásán, oje funfun á yọ. Bí oje bá ti yọ, Bàbá Tàfá á gbé e sókè, á wò ó bí ẹni ń wo òkú.

"O ti pa á. Ohun tí o bá pa ni wàá jẹ."

Ìyàwó rẹ̀ á gba ìbẹ́pẹ náà, á fi se ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ìbẹ́pẹ tútù ni mo jẹ títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti ń wọlé ní ọ̀sán, ìyá náà á ti máa rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò: "Ràímì, ṣé o tún ti pa àlejò wa?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fá ìbẹ́pẹ tí oje kankan ò yọ, ẹran ló fi se ọbẹ̀ fún mi, kò sì sọ ohun tó fà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ́pẹ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Àwo ni.

Lábẹ́ tábìlì ọ̀gá mi, àwo tánganran méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan funfun, ìkejì aláwọ̀ aró. Omi àti ọṣẹ ló wà nínú èyí tó funfun. Omi híhó tí a da oògùn apakòkòrò sí ló wà nínú èyí tó jẹ́ aláwọ̀ aró. Bí Bàbá Tàfá bá ń fá orí ọmọ kan tó rí lápálápá níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò sì ní yí padà. Á parí iṣẹ́, á rọra ju abẹ sínú àwo aró. Lẹ́yìn náà ló máa pe bàbá ọmọ sẹ́yìn aṣọ tí a ta sí igun ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni fẹ́ fún un ní ṣẹ́ńjì, á sì sọ oògùn tó máa rà fún un.

Mo wá ṣàkíyèsí pé nígbà mìíràn, ẹni tí orí rẹ̀ mọ́ tónítóní á fá tán, ọ̀gá mi á tún ju abẹ sínú àwo aró. Mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń fi oògùn ṣòfò lórí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó kọ́kọ́ gbá mi létí kó tó dá mi lóhùn.

"Bó bá jẹ́ aláìsàn nìkan ni mò ń fi àwo aró ṣe fún, àwo ti di ẹnu nìyẹn. Gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ló máa mọ̀. Lọ́la, ta ló máa jókòó sórí àga mi tí nǹkan bá ń ṣe é? Á lọ fi fìlà bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi ràn gbogbo ilé."

Mo ń fọwọ́ pa etí mi. Ó tún ní, "Ẹni tó tẹrí ba fún ẹ, tí abẹ wà lọ́wọ́ ẹ, ó ti fọkàn tán ẹ ju aya tó fẹ́ ẹ lọ. Ohun tí abẹ bá rí, ẹnu ò gbọdọ̀ gbọ́."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo mọ ẹni tí àpá wà lágbárí rẹ̀, mo mọ bó ṣe débẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń pa irun láró kí ìyàwó tuntun má bàa mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n á máa kí mi lójú ọ̀nà, èmi náà á kí wọn, ó parí síbẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Abẹ ńlá tí a ń lọ̀ lórí awọ ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìgẹrun tí a ń fi ọwọ́ fún tẹ̀ lé e, tó máa ń fa irun tu bí kò bá rí epo. Nígbà tí ẹ̀rù àrùn kògbóògùn gbòde, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í mú abẹ-fẹ́lẹ́ tirẹ̀ wá nínú bébà, àwọn onígbàjámọ̀ kan sì kó ọjà wọn nílẹ̀. Bẹ́ǹṣì tiwa kò ṣófo, nítorí wọ́n mọ àwo wa. Nígbà tí orílẹ̀-èdè pín sí méjì, tí àwọn ológun gba ìlú, a ṣì ń fá orí. Irun kì í mọ̀ pé ogun wà, ó ṣáà ń hù ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ oníná dé, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í na fóònù sí mi lójú pé kí n gẹ irun àwọn bíi ti agbábọ́ọ̀lù kan. Mo kọ́ ọ. Ìgbà yẹn, Bàbá Tàfá ti kú. Àwo méjèèjì ló fi sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú tábìlì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni orí ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn Mùsùlùmí ní Dougouba àti Ahougnansou á ránṣẹ́ sí mi ní kùtùkùtù kí n wá fá irun tí ọmọ bá wáyé. Abẹ ni mo máa ń lò, mi ò fi ẹ̀rọ kan ọmọ tuntun rí. Lókè orí, àwùjẹ á máa lù kì kì kì lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Ìyá ọmọ á mú èémí dúró. Èmi náà á mú èémí dúró. Nígbà tí mo bá gbé abẹ kúrò, gbogbo wa á jọ mí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ tí mo fá orí wọn báyìí ti ń bímọ.

Ibi tó le ni mo dé yìí.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí kòrónà kọjá, a gbọ́ lórí rédíò pé àrùn mìíràn ti wọ orílẹ̀-èdè, èyí tó máa ń sú ìléròrò síni lára, tí àwọn Faransé fi orúkọ ọ̀bọ pè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i láàárín ìka ọwọ́ mi. Mi ò fi pamọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi kó má fọwọ́ kan aṣọ mi, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn, ọmọbìnrin Baulé kan tó gbọ́ Júlà, èdè ọjà wa, dáadáa, fa aṣọ ìkélé kí ó tó wò mí.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá," ló wí. "Ẹ padà sílé, ẹ dá wà nínú yàrá. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá wa. Wọ́n á wá bá yín sọ̀rọ̀."

Bí ó ṣe fa aṣọ ìkélé yẹn ló tàn mí jẹ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó kù náà ṣe máa wá.

Dípò kí n lọ sílé tààrà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ kan kì í ti ìlẹ̀kùn láìrẹ abẹ, ọ̀dọ̀ Bàbá Tàfá ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo se omi, mo da oògùn sí i, mo rẹ gbogbo irinṣẹ́ sínú àwo méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó bá wá gbé wọn má bàa kó àrùn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ mọ́tò agbóhùnsókè.

Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, wọ́n wá fi Júlà tún un sọ: "Ràímì, onígbàjámọ̀ Anango, ní àrùn ọ̀bọ. Gbogbo ẹni tó bá fá orí lọ́dọ̀ rẹ̀, kó jáde síta nísinsìnyí."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Àwọn tó wọ aṣọ funfun tó bo gbogbo ara wọn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọlọ́pàá. Gbogbo àdúgbò sì ti dé. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ wò ó, ó ṣì ń fá orí." Mo fẹ́ ṣàlàyé pé abẹ ni mò ń rẹ sínú àwo. Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Mo bọ́ ọ. Wọ́n fín oògùn sí mi lára bí ẹni ń fín kòkó. Ọlọ́pàá kan wá ní, "Na ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n rí i bó ṣe máa ń rí."

Mo na ọwọ́ sókè. Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Àwọn tí mo fá orí wọn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wọn ń fi fóònù ya mí, ikùn mi wà níta, omi oògùn ń kán sílẹ̀ láti ìgúnpá mi. Èyí ni mò ń rí bí mo bá di ojú. Kì í ṣe ìrora àrùn náà.

Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Àwọn wo lo fá orí wọn lọ́sẹ̀ yìí? Dárúkọ wọn."

Fúsẹ́nì wà nínú èrò náà, ọmọ Júlà kan tó ń kó ẹrù sí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ti fá orí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rí i pé ó ń wo ọwọ́ mi tó wà lókè.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn aṣọ tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù yìí. Màá dárúkọ gbogbo wọn fún yín."

"Ṣé o fẹ́ fi wọ́n pamọ́ ni?"

"Mi ò fi wọ́n pamọ́. Ẹ̀yìn aṣọ lásán ni mo ní ká lọ."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Onígbàjámọ̀ fẹ́ ṣèpàdé." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo mọ gbogbo àpá orí rẹ̀ wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó àga àti tábìlì mi síta, wọ́n dáná sun wọ́n. Táyà ọkọ̀ wọn gun orí àwo funfun, ó tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìyàwó mi ló sáré gbé àwo aró. Nígbà tí mo máa wo ẹ̀yìn láti inú ọkọ̀, Fúsẹ́nì ò sí níbẹ̀ mọ́.

Iléèwé kan tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ni wọ́n kó èmi àti àwọn aláìsàn mìíràn sí. Ẹní ló wà nílẹ̀, ṣéènì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí a máa jáde. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ wá, ọlọ́pàá á fi igi tì í wọ abẹ́ irin ìlẹ̀kùn bí ẹni ń bọ́ ajá tó máa ń gé èèyàn jẹ. Bí oúnjẹ kan ò bá ti ilé ẹni wá, ẹni náà á sùn bẹ́ẹ̀, àyàfi bí a bá fún un nínú tiwa.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló wá níkẹyìn. Ó gbé àpótí kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bàbá, ẹ sọ fún mi. Èmi nìkan ni mo máa lọ bá wọn." Mo dárúkọ gbogbo wọn fún un, láìfi ẹnì kankan sílẹ̀. Ó wọ aṣọ ilé, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo wọn ló gbà á láyè. Fúsẹ́nì nìkan ni kò bá nílé.

Nígbà tó padà wá, ó bínú, kì í ṣe sí mi. Ó ní, "Kò yẹ kí wọ́n ṣe yín báyìí. Aláìsàn náà ní ẹ̀tọ́."

Mo bi í pé, "Ẹ̀tọ́ wo ni aláìsàn ní nígbà tí àrùn bá ń ràn?"

"Kí wọ́n sọ ìdí tí ẹ fi wà níbí àti ìgbà tí ẹ máa jáde. Kí ẹ rí oúnjẹ jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo orúkọ yín. A lè yà yín sọ́tọ̀ ká má sì dójú tì yín."

Àwo aró ni mò ń rò. Ọkùnrin tí kò ka ìwé kan ti ṣe èyí ní abẹ́ páànù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, mo sì rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Marabadiassa ni Fúsẹ́nì sá lọ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ta ni yóò dúró kí wọ́n ní kó na ọwọ́ sókè? Ó fara pamọ́ nínú yàrá títí ìléròrò náà fi dé ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e wá, ojú kan ti lọ. Ara rẹ̀ ti le báyìí. Bí a bá pàdé, yóò kí mi, èmi náà yóò kí i, a ò sì ní dúró. Òótọ́ ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ dènà àrùn. Èmi tó kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí kò kó o lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó wá dènà rẹ̀ ní Dougouba ló lé e dé Marabadiassa.

Ara mi yá, wọ́n sì tú mi sílẹ̀. Mo ra àga tuntun, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Bàbá Ọ̀bọ láti ìta. Àwọn oníbàárà mi ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, tí irun rẹ̀ ti ń bo etí, ní, "Ràímì, irun mi ò tíì hù o." Mo ní kò burú, bó bá hù kó wá. Nígbà tí ó yá, mo gbé àga wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, nígbà tí ọwọ́ mi kò tíì gbọ̀n rárá. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ìyàwó mi ni mo ń jókòó sí báyìí. Bí mọ́tò agbóhùnsókè bá ń kọjá, ìbáà ṣe ọṣẹ ni wọ́n ń polówó, mo máa ń wọ inú yàrá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní sọ pé kí ẹ má kọ́ iṣẹ́ tó gba pé kí ẹ fọwọ́ kan èèyàn. Iṣẹ́ tó dára ni. Àwọn kan nínú yín máa di nọ́ọ̀sì, àwọn kan máa di ọlọ́pàá, ẹnì kan á wà tí yóò di ọ̀gá tó ń rán mọ́tò jáde. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ta aṣọ ìkélé sí igun kan kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ mi Sàráà bímọ. Ahougnansou ló ti lọ́kọ, nílé àwọn tó ti Gáńà dé bíi ti ọ̀gá mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Gáńà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó mọ́ dáadáa, Sàráà ti gbé ọmọ wá bá mi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa fá orí rẹ̀."

"Wọ́n á ti pe onígbàjámọ̀."

"Ẹ̀rọ ló fi ń fá orí ọmọ tuntun. Mi ò fẹ́."

"Ìyá ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Mi ò bi wọ́n," ló wí, ó tẹ́ ọmọ sórí itan mi.

Àwọn àpá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n dúdú kiribiti láàárín ìka. Mo fọ ọwọ́, mo tún un fọ̀, Sàráà sì ní kí n má bó ara mi. Mo gbé àwo aró. Mo fa aṣọ ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wa, mo sì fá orí ọmọ ọmọ mi bí ẹni ń jalè. Àwùjẹ ń lù. Sàráà mú èémí dúró, èmi náà mú èémí dúró. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

Níbi àpèjẹ, mo jókòó sí ìpẹ̀kun ẹní, mo kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ agbádá. Ìyá Gáńà gba ọmọ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lórí.

"Ta ló fá orí ọmọ yìí? Ó dán bí ẹyin. Kì í ṣe ọmọ ẹlẹ́rọ yẹn."

Mo ń fi ojú bẹ Sàráà.

"Bàbá mi ni," Sàráà wí.

Ọwọ́ ìyá náà dúró sórí àwùjẹ ọmọ. Gbogbo ẹni tó wà lórí ẹní ń wo ọwọ́ yẹn. Kò gbé e kúrò. Wọ́n ti gbé ìrẹsì wá nínú àwo ńlá tí gbogbo àgbà máa jọ fi ọwọ́ jẹ.

"Bàbá Sàráà," ni Ìyá Gáńà wí, "ẹ sún mọ́ àwo, kẹ́ ẹ mú ọwọ́ yín wá. Oúnjẹ ń tutù, ẹ̀yin là ń dúró dè."

Mo sún mọ́ àwo. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún jáde. Ti òsì ṣì wà lábẹ́ agbádá.